Ọjọ́ Tí A Tẹ̀lé Alága Gun Òkè Ìwòlú

Ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Kẹwàá, ọdún 1994 ni. Òjò ìkẹyìn ti rọ̀ ní àárín ọ̀sẹ̀ náà, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tí a ń gbé ìlú Kàdúná péjọ sí abẹ́ igi àjàgbọn kan ní ẹ̀yìn Sabon Tasha, níbi tí ọ̀nà oko ti yà kúrò lára títì Kachia, kí a lè gun òkè tí àwa fúnra wa sọ ní Òkè Ìwòlú. A tó ogójì ènìyàn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ọkùnrin àti obìnrin. Mo wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, ojú mi ni mo fi rí i, àfi ibi tí mo bá ti sọ pé ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ fún mi.

Ẹnì kan wà láàrin wa lọ́jọ́ náà tí gígun òkè yẹn ṣe pàtàkì fún ju gbogbo wa lọ. Làmídì ni orúkọ rẹ̀. Télọ̀ ni ní Sabon Tasha, ọ̀rẹ́ mi sì ni láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti dé Kàdúná. Àrùn ojú kan tí kì í dunni ti ń jẹ ìríran rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, bí ìgbà tí ènìyàn ń rọra pa ìlẹ̀kùn alápá méjì dé. Dókítà ti sọ fún un pé kò sí oògùn tí ó lè ṣí ìlẹ̀kùn náà padà, àti pé kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dá, ó ṣeé ṣe kí ó má rí ohunkóhun mọ́. Ó gbọ́, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ fún èmi àti Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́: kí òun dúró lórí Òkè Ìwòlú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun wo gbogbo Kàdúná, odò àti afárá àti òrùlé, kí òun lè ní ohun tí òun yóò máa wò nínú òkùnkùn. Bí a bá sì jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá, eruku ọyẹ́ yóò bo ojú sánmà títí òjò mìíràn yóò fi dé. Ojú Làmídì kò ní dúró dè é.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó tì mí yìí, mo rí àwọn fọ́tò tí ẹ fi hàn mí nínú fóònù yín. Ẹ ní ẹ lọ sórí òkè náà ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. N kò ní purọ́ fún yín nítorí pé ẹ̀jẹ̀ mi ni yín: ohun tí mo rí kó mi nírìíra. Mo rí ike omi mímu tí ó tàn ká ara àpáta bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú. Mo rí ọ̀dà aláwọ̀ pupa, ti búlúù, ti funfun, orúkọ àwọn tí n kò mọ̀ lórí orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Mo rí ẹ̀rọ ìgbóhùnjáde tí ó ga tó ènìyàn. Ẹ sì ń sọ pé ẹ gun òkè. Ọ̀kadà ni ẹ gùn dé ìdajì rẹ̀, ní ojú ọ̀nà tí katapílà àwọn tí ń fọ́ òkúta tà là sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi ọ̀kan nínú yín pé kí ni ó rí láti orí rẹ̀. Ó dá mi lóhùn ní èdè Haúsá pé, “Baba, akwai kyau sosai.” Ó ní ó dára gan-an. Mo ní kí ni ó dára? Kò lè dárúkọ nǹkan kan. Nínú gbogbo fọ́tò tí ó fi hàn mí, ojú tirẹ̀ nìkan ni mo rí.

Ẹ má bínú. Àgbà tí ó bá rí ìdọ̀tí tí ó dákẹ́, ó ti bá wọn da díẹ̀ síbẹ̀.

Bí a ti ń ṣe é láyé ọjọ́un nìyí. Ọ̀sẹ̀ kan ni ó wà lọ́dọọdún, láàrin òjò ìkẹyìn àti eruku àkọ́kọ́, tí ojú ọ̀run Kàdúná máa ń mọ́ bí awo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni a máa ń gun òkè. Kì í ṣe ọjọ́ àdúrà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré lásán. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, ibẹ̀ ni a ti máa ń fi ìlú hàn án: ibi tí ọjà wà nìyẹn, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà nìyẹn, ibi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí nìyẹn. Láàárọ̀ kùtù ni a máa ń gbéra. Olúkúlùkù a ru ohun tí yóò jẹ: dùńdú tí a fi ewé wé, másà, kúlíkúlí, omi nínú gálọ́ọ̀nù. Ohun tí o bá rù gòkè, ìwọ ni yóò rù ú sọ̀kalẹ̀, ìbáà ṣe èèpo ọsàn. Mo rántí ìyá kan tí ó padà lọ láti ìdajì ọ̀nà nítorí èèpo ẹ̀pà tí ó bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán an. Ó ní ojú ń ti òun ni, bí ẹni tí ó gbàgbé ẹ̀wù sí ilé àna.

Òfin kan wà tí ó ju gbogbo wọn lọ: ẹni tí ó dàgbà jù ni ó ń ṣíwájú, a kì í sì í ré e kọjá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá bá wà níwájú, kò sí ẹni tí a óò fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Bàbá Àjàní ni ó wà níbẹ̀, àgbàlagbà kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bàbá yìí ní àrà kan. Bí ó bá gbọ́ pé èémí ẹnìkan nínú wa ti ń ga, kò ní bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Yóò kàn dúró ni, yóò dojú kọ igi kan, yóò máa wò ó sókè sódò bí ẹni tí ó fẹ́ rà á. Gbogbo wa a dúró. Nígbà tí èémí bá ti balẹ̀, Bàbá a ní, “Igi yìí kò wù mí,” a sì tún máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa fi ń dé òkè, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní jẹ́wọ́ pé ó rẹ òun.

Ọ̀nà náà kò rọrùn. Lẹ́yìn oko ọkà bàbà, ẹ ó kan àwọn àpáta ńláńlá tí ó to ara wọn lérí. Láàrin méjì nínú wọn ni àlàfo kan wà tí ó há tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kọjá. Májẹunyó ni a ń pè é. Ìyá Súlè, tí ń ta ìrẹsì ní ọjà, há síbẹ̀ ní ọdún kan. Bí a ti ń fà á níwájú ni a ń tì í lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín náà tún mú kí ó fẹ̀ sí i. “Ẹ jẹ́ kí n sunkún ná,” ni ó wí, “bóyá màá fọn.” Lẹ́yìn Májẹunyó ni Fàyàfà, àpáta pẹrẹsẹ tí ó dà gẹ̀rẹ́, tí ó ń dán bí ẹ̀yìn ìkòkò. Kò sí bí o ti níyì tó, àyà ni o máa fi gùn ún. Mo rí Ààfáà àti Pásítọ̀ tí wọ́n ń rákò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé, “Ẹ fi ẹsẹ̀ yín síbí, ó ti gbà mí dúró.” Ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn tí ìlú yìí ti pín sí méjì, tí Mùsùlùmí kó lọ sí òdìkejì odò tí Kìrìsìtẹ́nì sì kó wá sí ìhà ìhín, mo mọ̀ pé bí àlọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dún létí yín.

Nígbà tí a bá sì dé orí rẹ̀, ìdákẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń wà. Lẹ́yìn náà ni etí yóò ṣí. Fèrè àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ a máa dún lọ́sàn-án, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, a sì mọ ohùn olúkúlùkù wọn bí ènìyàn ti ń mọ gbígbó ajá àdúgbò rẹ̀. Làmídì, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn rí, a máa fa ìpè tirẹ̀ yọ lára àwọn yòókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kú tán báyìí. Ewúrẹ́ ni ó ń sùn níbi tí ẹ̀rọ ti ń hun aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí orí òkè nìkan. Ohun gbogbo tí a bá gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣíwájú wa, tí a kò sì tọ́jú, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ padà sí ọjọ́ náà.

Bàbá Àjàní kú nígbà òjò ọdún yẹn. Nípa ọjọ́ orí, Alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ni ó tẹ̀lé e. N kò ní dárúkọ Alága yìí nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Agbaṣẹ́ṣe ni, ilé rẹ̀ wà ní Malali, nínú ọgbà olódi tí mẹ́gádì méjì ń ṣọ́. Ọdún náà gan-an ni a yàn án. Kò gun òkè yẹn rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó dàgbà jù wá lọ, iwájú di tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ó mọ̀nà.

A ti péjọ láti ìdájí. Oòrùn yọ, oòrùn ga, Alága kò dé. Làmídì jókòó sí ìdí igi àjàgbọn, ó dé fìlà tuntun tí òun fúnra rẹ̀ rán.

“Ràbí, oòrùn ti dé ibo?”

“Ó ti fo orí igi.”

“Ta ni a tún ń dúró dè?”

“Àga ni,” ni Ràbíátù dáhùn. “Ènìyàn ti pé. Alága ti dé títì, àga tí yóò fi jókòó lórí òkè ni wọ́n gbàgbé sí Malali, wọ́n ti rán mọ́tò padà lọ gbé e.”

“Wallahi?”

“Mo búra fún ọ. Olúwa rẹ̀ ń lọ sórí àpáta, ó ń gbé àga lọ.”

Nígbà tí ó dé nígbẹ̀yìn, kò rìn gba ojú ọ̀nà oko bí tiwa. Jíìpù rẹ̀ ni ó wà gba àárín oko ọkà bàbà kọjá, ọkà tí ó ti gbó, tí ó ku kí wọ́n kórè rẹ̀. Ìyá tí ó ni oko náà sáré jáde, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ń ké pé, “Haba, Alhaji, gonata!” Oko rẹ̀ ni ó ń wí. Alága kò wo ibi tí ó wà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni ó dá obìnrin náà lóhùn, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, pé kí ó máa dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn ńlá ni ó tẹ oko rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ẹ̀rín náà, itọ́ a kún mi lẹ́nu. Nínú jíìpù náà ni ayàfọ́tò ti sọ̀kalẹ̀, àti àwọn alágbàṣe tí ó ru àga oníke, kúlà ohun mímu, àti agolo ọ̀dà pupa kan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé n kò rí agolo yẹn dáadáa. Mo rí i dáadáa.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ní ìdí àpáta, ọ̀nà pín sí méjì. Tòsì lọ sí Májẹunyó. Tọ̀tún fẹ̀, ó tẹ́, ó sì ń wu ojú; ọ̀nà tí ó ń wu ojú ni Alága gbà.

Gbogbo wa ni a mọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ogójì ènìyàn, tí ó lè fi ojú dídì gun òkè náà, ni ó rí i pé ẹni iwájú ti ṣìnà. Ẹsẹ̀ gbogbo wa fà díẹ̀, bí ti màlúù tí ó dé ibi tí ilẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn náà a tẹ̀lé e. Àwọn Yorùbá ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọ́n tún ní ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ náà, ará iwájú jìn sí kòtò, ará yòókù sì tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń jìn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà bá ṣìnà, a kì í sọ pé ó ṣìnà. Ọmọdé ni yóò béèrè bí ẹni pé òun ni ọ̀nà rú lójú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

“Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ òsì ni ọ̀nà wà?”

Kò yíjú. “Ọwọ́ òsì? Kí o tó mọ Kàdúná ni mo ti ń gba àwọn ọ̀nà tó le ju èyí lọ.”

Akọ̀wé yíjú sí mi, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. “Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé. Ṣé ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ dójú ti àgbà lójú àwùjọ?”

“Tí ó bá sọnù ńkọ́?”

“Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré,” ni ó wí.

Ràbíátù kò gba tirẹ̀. “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé ojú gbogbo yín ni ó ń fọ́ ni? Ọ̀nà kọ́ nìyí! Kí ẹni tí ó bá mọ̀nà yà sọ́wọ́ òsì, kí á máa lọ.”

Làmídì ni ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Má yà, Ràbí. Bí gbogbo wọn bá gba ọ̀tún tí èmi gba òsì, ìwọ mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn yóò ní ojú Làmídì ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí àsìkò ń sá mọ́ lọ́wọ́ jù ṣe tẹ̀lé ẹni tí kò mọ̀nà.

Ọ̀nà náà gbé wa dé inú ọ̀gbun kan láàrin àpáta méjì, níbi tí oòrùn kì í dé. Òórùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pàdé wa. Ibùgbé àdán ni. Wọ́n so mọ́ òkè orí wa bí àkísà dúdú, ohun tí wọ́n ti ń yà sílẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni a sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rọ̀, ó gbóná, ó jìn dé ọrùn ẹsẹ̀, kòkòrò sì ń rìn nínú rẹ̀. Ìyá kan bì. Pásítọ̀ fi etí aṣọ bo imú. Alága dúró, ó wo bàtà rẹ̀, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe sọ kúlà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. Ẹ kò gbọ́ mi ṣì: ó pọ̀n Alága sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, Alága sì nàka síwájú láti orí ẹ̀yìn ọkùnrin náà pé kí a máa bọ̀.

Akọ̀wé mí kanlẹ̀ nínú òórùn yẹn. “Àjílẹ̀ gidi nìyí, Alága,” ni ó wí. “Àmì ọrọ̀ ni.”

“Ẹ kọrin fún un,” ni Ràbíátù sọ láti ẹ̀yìn, “ó lè sùn.”

Àwọn obìnrin kan rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. N kò lè sọ fún yín pé àdán ni ó kó mi nírìíra jù níbẹ̀. Àdán ń ṣe bí a ti dá a. Ẹnu tí ó rí ìgbẹ́ tí ó pè é ní ọrọ̀ ni ara mi kọ̀. Ìgbẹ́ àdán, omi wẹ̀ ẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ti Akọ̀wé kò tíì kúrò.

A jáde nínú ọ̀gbun, a gba ẹ̀yìn òkè, ìhà gúúsù, níbi tí ẹgbẹ́ wa kò gbà rí. A fi ọwọ́ di gbòǹgbò igi, a fi orúnkún gun òkúta tí ó mú. Làmídì wà láàrin èmi àti ìyàwó rẹ̀. Ó ń bi mí léraléra bóyá oòrùn ti ń yí, mo sì ń sọ òótọ́ fún un. Nígbà tí a dé orí òkè, ọ̀sán ti lọ tán, ìmọ́lẹ̀ ti ń pupa. Aré ni Làmídì fẹ́ sá. Ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa, ó rìn gba àpáta títẹ́ kọjá dé etí tí ó súnmọ́ ọn jù, ó sì dúró. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

Etí gúúsù ni. Lọ́dọọdún, bí a bá gba Fàyàfà jáde sókè, iwájú wa gan-an ni Kàdúná máa ń tẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkè ni a gbà lọ́jọ́ náà. Ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀, igbó ni, àti oko, àti àbàtà kan.

“Mo rí i,” ni Làmídì wí. “Ẹ wo odò náà. Ẹ wo bí ó ti ń dán.”

Àwọn tí ó ti dákẹ́ fún Alága ní ìdí òkè tún dákẹ́ fún Làmídì ní òkè, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Mo wo Ràbíátù. Omi ti kún ojú rẹ̀. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Làmídì, ẹ̀yìn òkè ni a gbà. Ìlú wà lẹ́yìn rẹ. Jẹ́ kí n yí ọ padà.”

Ó ní, “Má yí mi padà. Èyí tí mo rí yìí tó mi.”

Bóyá ǹ bá tún bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Alága ti jókòó sórí àga rẹ̀ ní àárín àpáta, ó ti jẹ itan adìyẹ tán, ó ti sọ egungun rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe ti ń fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta ní lẹ́tà gàdàgbà. Alága ń wò yíká bí ẹni tí ń wá ohun tí ó kù. Ojú rẹ̀ bà lé Làmídì.

“Ayàfọ́tò, dúró ná. Ẹ mú télọ̀ yẹn wá. Kí ó di ọwọ́ mi mú báyìí, kí ó gbé ojú sókè.”

Akọ̀wé ti lóye rẹ̀ kí ó tó parí. “Háà, Alága! Aṣíwájú tí ó mú afọ́jú gun òkè! Fọ́tò yìí yóò gbayì.”

Kí n tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fa Làmídì kúrò létí òkè. Ọwọ́ Alága, tí kò fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀gbun nígbà tí ọ̀rọ̀ bàtà rẹ̀ nìkan jẹ ẹ́ lógún, ni ó wá di tirẹ̀ mú lójú ẹ̀rọ. Ràbíátù bọ́ sí àárín wọn.

“Ta ni ẹ pè ní afọ́jú? Ọkọ mi ń ríran!”

“Ìyá, ẹ fara balẹ̀, fọ́tò lásán ni,” ni Akọ̀wé wí.

“Ẹni tí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ibí ni ẹ fẹ́ kí ẹni tí wọ́n pọ̀n wá di mú? Ẹ tì o!”

“Obìnrin yìí kò ní ọ̀wọ̀,” ni Alága wí.

“Mo ní in. N kò rí ẹni tí mo lè fún ni.”

Ṣùgbọ́n iná ẹ̀rọ ti kọ. Ayàfọ́tò ti yà á kí Ràbíátù tó bọ́ sí àárín wọn tán. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Làmídì lọ, oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn ìkùukùu, ìlú ti di eérú ní àríwá, àbàtà ti di eérú ní gúúsù. Ó dé fìlà rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká máa sọ̀kalẹ̀,” ni ó wí. Fàyàfà ni a gbà sọ̀kalẹ̀, èmi àti òun àti Ràbíátù, a kò sì wo ẹ̀yìn bóyá Alága ń bọ̀.

Wọ́n sọ fọ́tò náà di ńlá, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Alága rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Làmídì gbé ojú sókè bí wọ́n ti ní kí ó gbé e. Apá Ràbíátù hàn létí fọ́tò, wọ́n sì fi férémù bò ó. Ẹsẹ̀ mi kò wọ inú gbọ̀ngàn náà mọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn tí ó wá sí abẹ́ igi àjàgbọn kò tó mẹ́wàá. Ní ọdún kẹta, kò sí ẹnìkan. Lẹ́yìn náà ni ìjà ẹ̀sìn dé, olúkúlùkù kó lọ sí apá tirẹ̀ nínú ìlú, àwọn tí ń fọ́ òkúta sì rí òkè tí kò ní olùtọ́jú.

Kí òjò ọdún tí ó tẹ̀lé ọjọ́ náà tó dá ni ojú Làmídì ti pa dé, bí dókítà ti wí. Ó gbé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ràbíátù sọ fún mi pé ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó rí lọ́jọ́ náà, ní alaalẹ́, bí ẹni tí ń ka ìwé: omi tí ó fẹ̀, tí ó ń dán bí abẹ́rẹ́, ẹyẹ funfun lórí rẹ̀. Kò dárúkọ afárá rí. Kò dárúkọ òrùlé. Èmi náà bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo ti sọ fún ọ pé ó tó mi.”

Mo ti gbìyànjú láti wádìí rẹ̀ bí mo ti ń wádìí ohun gbogbo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún tí ó tẹ̀lé ọjọ́ náà, èmi nìkan padà gun òkè náà, mo sì dúró ní etí gúúsù nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń pupa. Àbàtà náà ń dán lóòótọ́. Lékèélékèé sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lékèélékèé wà lórí odò Kàdúná pẹ̀lú, Làmídì sì ti rí odò yẹn láti orí òkè yẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ìríran rẹ̀ ti kù tó lọ́jọ́ náà, dókítà rẹ̀ nìkan ni ì bá lè sọ, mi ò sì bi í kí ó tó fi ìlú sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àbàtà ni ó rí, tí ó sì tó o. Ó lè jẹ́ pé odò tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé kò rí nǹkankan, tí kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, n kò mọ̀.